Tí A bá jẹ́ prime, ṣé dandan ni kí M(A) náà jẹ́ prime?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gwagwalada ni mò ń gbé, M.Sc. ni mò ń ṣe nínú ìmọ̀ ìṣirò. Nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo fẹ́ fi hàn pé álíjẹ́bírà A tí kì í ṣe associative máa ń jẹ́ prime nígbà tí M(A), ìyẹn álíjẹ́bírà ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, bá jẹ́ prime, àti pé tí A bá jẹ́ prime, M(A) náà yóò jẹ́ prime. Apá kejì yìí ni mo rò pé mo ti rí yanjú. Mo mú ideal P àti Q nínú M(A), tí ìkankan nínú wọn kì í ṣe òdo. P(A) àti Q(A) jẹ́ ideal nínú A. Nígbà tí A jẹ́ prime, P(A)Q(A) kò lè jẹ́ òdo, torí náà PQ kò lè jẹ́ òdo. Olùtọ́sọ́nà mi ní ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn kò dúró. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe é?

Ìdáhùn: Olùtọ́sọ́nà yín rí i dáadáa. Ìgbésẹ̀ yẹn kò dúró, kò sì sí bí a ṣe lè mú un dúró, nítorí ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn níbẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Apá kìíní, èyí tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn, ni òótọ́, òun náà sì nílò àfikún kan. Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lọ́kàn jẹ́, torí iṣẹ́ tí yóò jáde lẹ́yìn àtúnṣe yìí lágbára ju èyí tí ẹ dáwọ́ lé tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká to ọ̀rọ̀ náà láti ìsàlẹ̀. A jẹ́ vector space lórí field F, ó sì ní ìsọdipúpọ̀ tó jẹ́ linear lápá òsì àti lápá ọ̀tún. A kò béèrè pé kí (xy)z bá x(yz) dọ́gba. Fún a kọ̀ọ̀kan nínú A, ọpérétọ̀ méjì ló wà: L_a ń sọ x di ax, R_a ń sọ x di xa. Ẹ kó gbogbo L_a àti R_a jọ, ẹ fi Id kún un, ìyẹn ọpérétọ̀ tó ń fi x sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wá máa rò wọ́n pọ̀, kí ẹ sì máa lò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Gbogbo ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde ni M(A).

M(A) jẹ́ associative nígbà gbogbo, bó ti wù kí A fúnra rẹ̀ jìnnà sí i tó, torí pé lílo ọpérétọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn kì í yí padà nítorí bí a ṣe fi àkámọ́ sí i. Bákan náà, ideal inú A kò ju subspace tí kò sí ọpérétọ̀ kankan nínú M(A) tó lè gbé e jáde kúrò nínú ara rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí Jacobson gbá irú álíjẹ́bírà yìí mú nìyẹn ní 1937, tí Albert náà sì gbé radical ti álíjẹ́bírà tí kì í ṣe associative kà á lórí ní 1942. Ohun èlò tí a ti mọ̀ lò dáadáa ni wọ́n fi ń yẹ ohun tí a kò tíì mọ̀ wò.

A jẹ́ prime tí A² kò bá jẹ́ òdo, tí kò sì sí ideal méjì I àti J tí kì í ṣe òdo tí IJ wọn jẹ́ òdo. Ohun kan náà ni a ń béèrè lọ́wọ́ M(A).

Ẹ wá wo ibi tó ti fọ́. Nígbà tí ẹ kọ P(A)Q(A), ìsọdipúpọ̀ inú A ni ẹ ń lò: ẹ mú nǹkan kan nínú P(A) àti nǹkan kan nínú Q(A), ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn. Nígbà tí ẹ kọ PQ, ohun mìíràn pátápátá ni: ẹ kọ́kọ́ lo ọpérétọ̀ inú Q, ẹ sì lo ti P lé èsì rẹ̀ lórí. PQ = 0 ń sọ fún wa pé P ń sọ ideal Q(A) di òdo, kò sọ nǹkankan nípa ohun tí àwọn nǹkan inú P(A) ń ṣe sí àwọn nǹkan inú Q(A). Ìsọdipúpọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ sì fò láti ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìsí afárá.

Àpẹẹrẹ tó fi hàn pé afárá náà kò sí kéré gan-an, dimension 2 péré. Field yòówù kí F jẹ́, ẹ mú u àti v gẹ́gẹ́ bíi basis, kí ẹ sì kọ:

uu = v, vv = v, uv = vu = 0.

Ó jẹ́ commutative, ṣùgbọ́n kì í ṣe associative, torí (uu)v = vv = v, nígbà tí u(uv) = 0. Ṣé ó jẹ́ prime? Ẹ mú ideal I tí kì í ṣe òdo, àti x = αu + βv nínú rẹ̀, tí x kì í ṣe òdo. Tí α kì í bá ṣe òdo, xu = αv, torí náà v wà nínú I. Tí α bá jẹ́ òdo, v ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ideal tí kì í ṣe òdo ló ní v nínú. Ideal méjì yòówù kí ẹ wá sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, vv = v yóò wà nínú èsì rẹ̀. A jẹ́ prime, kò sí iyèméjì.

Ẹ wá wo M(A). L_u ń sọ u di v, ó ń sọ v di òdo. L_v ń sọ u di òdo, ó ń fi v sílẹ̀. Nítorí pé A jẹ́ commutative, R kò mú nǹkan tuntun wá. Ìṣirò mẹ́rin péré ló kù:

L_u L_u = 0, L_v L_u = L_u, L_u L_v = 0, L_v L_v = L_v.

Nítorí náà, Id, L_u àti L_v ni basis M(A), dimension rẹ̀ jẹ́ 3. Àwọn ìlọ́po L_u nìkan, FL_u, sì jẹ́ ideal nínú rẹ̀: ohunkóhun tí ẹ bá fi sọ L_u di púpọ̀, lápá òsì tàbí lápá ọ̀tún, L_u tàbí òdo ló ń dá padà. Square ideal yìí jẹ́ òdo. M(A) kò dé ibi semiprime pàápàá (ìyẹn, kí ó má ní ideal tí kì í ṣe òdo tí square rẹ̀ jẹ́ òdo), ká má tíì sọ prime.

Ẹ fi èyí dán ẹ̀rí yín wò. Ẹ mú P = Q = FL_u. P(A) = Fv, Q(A) = Fv, P(A)Q(A) = Fv, kì í ṣe òdo, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Síbẹ̀ PQ = 0. Ìlà yẹn gan-an ló wó.

Àwọn kan á ní bóyá torí pé A kò ní ìdámọ̀ 1 ló fi rí bẹ́ẹ̀. Rárá. Ẹ fi 1 kún un kí dimension di 3. Ideal tí kì í ṣe òdo ṣì ń ní v nínú: tí x = γ1 + αu + βv bá wà nínú rẹ̀ tí γ kì í ṣe òdo, xu = γu + αv náà wà níbẹ̀, kì í ṣe òdo, ó sì ti bọ́ sínú A àtijọ́. Nítorí náà ó ṣì jẹ́ prime. L_u ń sọ Fv di òdo síbẹ̀, ẹ ó sì rí i láìpẹ́ pé ìyẹn nìkan tó láti ba M(A) jẹ́.

Apá tó jẹ́ òótọ́ ni ó yẹ kí ẹ fi ṣe ọ̀wọ̀n iṣẹ́ yín. Ẹ pe Ann(A) ní àkójọ gbogbo b tí L_b àti R_b rẹ̀ jẹ́ òdo. Gbólóhùn náà nìyí: tí A kì í bá ṣe òdo, tí Ann(A) jẹ́ òdo, tí M(A) sì jẹ́ prime, A jẹ́ prime.

Fún ideal J nínú A, ẹ kọ K(J) fún àwọn ọpérétọ̀ inú M(A) tó ń sọ J di òdo, kí ẹ sì kọ W(J) fún àwọn tó ń kó gbogbo A wọ inú J. Àwọn méjèèjì jẹ́ ideal nínú M(A), ẹ lè fi ìlà méjì yẹ̀ ẹ́ wò. Tí S bá kó A wọ inú J, tí T sì sọ J di òdo, TS ti sọ gbogbo A di òdo. Nítorí náà K(J)W(J) = 0, fún J yòówù. Ìlà yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dúró lé.

Tí J kì í bá ṣe òdo, ẹ mú b nínú rẹ̀ tí kì í ṣe òdo. Nítorí pé Ann(A) jẹ́ òdo, L_b tàbí R_b kì í ṣe òdo, àwọn méjèèjì sì wà nínú W(J). W(J) kì í ṣe òdo nìyẹn, M(A) sì jẹ́ prime, torí náà K(J) = 0. Ẹ wá jẹ́ ká ní I àti J kì í ṣe òdo, síbẹ̀ IJ = 0. Fún b nínú J, R_b ń sọ I di Ib, tó jẹ́ òdo, torí náà R_b wà nínú K(I), K(I) sì jẹ́ òdo. R_b = 0 fún gbogbo b nínú J, èyí túmọ̀ sí AJ = 0. Ẹ wá wo L_b: ó ń sọ J di bJ, bJ sì wà nínú AJ, tó jẹ́ òdo. L_b wà nínú K(J), ó jẹ́ òdo. L_b àti R_b ti di òdo, b bọ́ sínú Ann(A), b = 0. J di òdo, èyí tó tako ohun tí a kọ́kọ́ sọ.

Ẹ má yọ Ann(A) kúrò nínú gbólóhùn yẹn. Tí gbogbo ìsọdipúpọ̀ inú A bá jẹ́ òdo, M(A) kò ju F·Id lọ, field ni, ó jẹ́ prime, ṣùgbọ́n A kì í ṣe prime. Ibẹ̀ ni olùyẹ̀wò láti ìta yóò ti kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè. Ti semiprime ń lọ bákan náà, ó tilẹ̀ rọrùn jù: tí I² bá jẹ́ òdo, L_a àti R_a, fún a nínú I, wà nínú K(I) àti W(I) lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti inú ẹ̀rí yìí, ẹ lè fa òṣùwọ̀n kan yọ. Tí Ann(A) bá jẹ́ òdo, M(A) jẹ́ prime nígbà tí kò bá sí ọpérétọ̀ kankan nínú M(A), yàtọ̀ sí òdo, tó ń sọ ideal tí kì í ṣe òdo di òdo, àti nígbà náà nìkan. Apá kan ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí. Apá kejì kúrú: tí PQ bá jẹ́ òdo tí Q kì í ṣe òdo, P wà nínú K(Q(A)), tó jẹ́ òdo. Nígbàkigbà tí ẹ bá fura sí M(A) kan, ẹ má wá ideal méjì kiri nínú rẹ̀. Ẹ wá ọpérétọ̀ kan ṣoṣo tó ń sọ ideal kan di òdo láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ jẹ́ òdo. Nínú àpẹẹrẹ wa, L_u nìyẹn.

Kí wá ló dé tí irú ìṣòro yìí kì í yọjú nínú álíjẹ́bírà associative? Tí A bá jẹ́ associative tó sì jẹ́ prime, M(A) jẹ́ prime lóòótọ́. Níbẹ̀, ọpérétọ̀ yòówù nínú M(A) ṣeé kọ bíi x → a₁xb₁ + … + aₙxbₙ, bí ẹ bá gbà kí 1 wà lára àwọn aᵢ àti bᵢ. Lẹ́mà tí Martindale fi hàn ní 1969 sọ pé tí irú àròpọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ òdo lórí ideal tí kì í ṣe òdo, tí àwọn aᵢ sì dá dúró láìgbára lé ara wọn lórí extended centroid A (field kan tó ní F nínú, tí a kọ́ láti ara A), gbogbo bᵢ gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Ọpérétọ̀ tó bá sọ ideal di òdo jẹ́ òdo fúnra rẹ̀, òṣùwọ̀n wa sì parí iṣẹ́. Ohun tí associativity fún wa ni pé ó mú kí gbogbo ọpérétọ̀ inú M(A) ní irísí kan tí a lè kà padà sórí àwọn nǹkan inú A. Láìsí i, L_a L_b kì í ṣe L pẹ̀lú ohunkóhun, a kò sì rí ohun tí a ó dì mú. Erickson, Martindale àti Osborn gbé extended centroid dé ọ̀dọ̀ àwọn prime tí kì í ṣe associative ní 1975, ṣùgbọ́n irísí yẹn kò bá wọn dé ibẹ̀.

Nígbà tí dimension A bá ní òpin, ọ̀rọ̀ náà le sí i. Tí Ann(A) bá jẹ́ òdo, M(A) jẹ́ prime nígbà tí A bá jẹ́ simple (ìyẹn, kí A² má jẹ́ òdo, kí A má sì ní ideal kankan yàtọ̀ sí òdo àti ara rẹ̀), àti nígbà náà nìkan. Simple sí prime rọrùn: A jẹ́ module M(A) tí a kò lè fọ́, M(A) sì jẹ́ primitive, torí náà ó jẹ́ prime. Láti prime sí simple, ẹ mú ideal J tó kéré jù lọ. Òṣùwọ̀n wa sọ pé kò sí ọpérétọ̀ tó ń sọ J di òdo àfi òdo, torí náà M(A) jẹ́ mátíríìsì lórí division algebra, A sì pín sí ẹ̀dà J kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ̀dà náà bá ju ọ̀kan lọ, ideal K kan wà tí J ∩ K jẹ́ òdo, JK = 0, A kì í sì ṣe prime mọ́. Bẹ́ẹ̀, A = J. Ìdí nìyí tí àpẹẹrẹ inú ìwé associative fi máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà: níbẹ̀, prime tí dimension rẹ̀ ní òpin ti jẹ́ simple tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ náà kò sì hàn.

Nínú àwọn simple wọ̀nyí, tí dimension A bá jẹ́ n, dimension M(A) jẹ́ n² tí a pín pẹ̀lú dimension centroid (àwọn linear map lórí A tó ń bá gbogbo ọpérétọ̀ inú M(A) commute) lórí F. Octonion lórí àwọn nọ́ńbà gidi, n = 8, fún wa ní 64. Quaternion fún wa ní 16. Cross product inú R³ fún wa ní 9. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà complex lórí nọ́ńbà gidi fún wa ní 2, kì í ṣe 4, torí centroid rẹ̀ ní dimension 2. Nítorí náà, tí ẹ bá rí n², ẹ ti rí simple. Tí ẹ kò bá rí n², ẹ má tíì sọ pé kì í ṣe simple.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn yóò bọ́ tí àwọn bá sá lọ sọ́dọ̀ álíjẹ́bírà Lie. Ní characteristic 0 pẹ̀lú dimension tó ní òpin, wọ́n á bọ́ lóòótọ́, torí prime níbẹ̀ kò lè ní ideal abelian, ó di semisimple, ó sì di simple. Ní characteristic 3, ó tún fọ́. Ẹ mú S = sl₂, ẹ sọ ọ́ di S ⊗ F[t]/(t³), dimension 9, kí ẹ fi d = d/dt kún un, gbogbo rẹ̀ di 10. d kò ba t³ jẹ́ nítorí pé d(t³) = 3t² = 0, characteristic 3 nìkan ló sì gba èyí. J = S ⊗ F[t]/(t³) wà nínú gbogbo ideal tí kì í ṣe òdo: kò sí nǹkan tó ń bá gbogbo J commute àfi òdo, torí náà ideal náà ní nǹkan nínú J, ẹ fi d yọ agbára t tó ga jù, ẹ ó kù pẹ̀lú nǹkan kan nínú S, S sì jẹ́ simple. [J, J] = J, nítorí náà ó jẹ́ prime. Ẹ wá mú x àti y nínú S tí [x, y] kì í ṣe òdo. Nínú Lie, ad(a) ni a ń pe L_a. ad(x ⊗ t²) ad(y ⊗ t) ń mú t³ jáde lórí J, ó sì sọ ọ́ di òdo, ṣùgbọ́n ó sọ d di −[x, y] ⊗ t², tí kì í ṣe òdo. M(A) kì í ṣe prime. Ẹ kíyèsí pé ad(x ⊗ t²) tí a lò lẹ́ẹ̀mejì lórí ohunkóhun jẹ́ òdo. Irú nǹkan báyìí, tí nondegeneracy kọ̀ (nínú Lie, òfin pé kò sí a tí kì í ṣe òdo tí ad(a) rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ òdo), ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́ nígbà tí ẹ bá ń wá ipò tí yóò gbà yín là nínú Lie àti Jordan.

Fún ìdánwò, ẹ gba GAP, sọ́fítíwíà ìṣirò álíjẹ́bírà, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sórí laptop, kò béèrè dátà mọ́. Ẹ tẹ èyí:

Lu := [[0,1],[0,0]];
Lv := [[0,0],[0,1]];
M := AlgebraWithOne(Rationals, [Lu, Lv]);
Dimension(M);
Dimension(RadicalOfAlgebra(M));

Yóò dá 3 padà, lẹ́yìn náà 1. 1 yẹn ni FL_u. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú mátíríìsì jẹ́ ohun tí basis kan di, torí GAP ń lo row. Èyí ń yí bí ọpérétọ̀ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n prime àti semiprime kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Tí A yín kì í bá ṣe commutative, ẹ má gbàgbé láti kó R pọ̀ mọ́ L. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ nìyẹn, ó sì máa ń fún ènìyàn ní M(A) tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Nípa àkọlé iṣẹ́ yín: tí "àti nígbà náà nìkan" bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi gbólóhùn tó ní Ann(A) síwájú, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú òṣùwọ̀n K(J) = 0, ẹ fi àpẹẹrẹ u àti v sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wá fi ti associative ṣe orí tó kàn. Àwọn onímọ̀ ní Granada, ní Spain, Miguel Cabrera wà lára wọn, ń pe A tí òun àti M(A) rẹ̀ jọ jẹ́ prime ní multiplicatively prime. Ẹ lo orúkọ yẹn nígbà tí ẹ bá ń wá ìwé. National Mathematical Centre tó wà ní Sheda, lọ́nà Kwali, kò sì jìnnà sí yín. Ẹ béèrè níbẹ̀ bóyá ẹnìkan ń ṣiṣẹ́ lórí álíjẹ́bírà tó lè ka ẹ̀rí yín kí ẹ tó gbé e lọ síwájú àwọn olùyẹ̀wò.